Wọ́n Ní Títíloyè Ń Pọ́n, Àṣé Ẹ̀jẹ̀ Ló Ń Tán Lára Rẹ̀

                                        Ojúlé 19, Títì Uwasota,
                                        Ugbowo,
                                        Benin City,
                                        Ìpínlẹ̀ Ẹdó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú Ìyá wa. Ṣé ara wọn ti balẹ̀ díẹ̀, ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò tíì tán? Bàbá Títí ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n lè máa lọ sóko? Àwa náà wà níbí. Bàbá Ṣùbòmí ń ṣiṣẹ́ wọn, Ṣùbòmí ń lọ sílé ìwé. Bí mo bá bá ọmọbìnrin yẹn sọ Yorùbá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ Pidgin ló ṣì fi ń dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù. Títí wà láyé. Mo tètè kọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ yín, ojú yín á ti sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó wà láyé, ó mu ògì láàárọ̀ yìí, ó sì jẹ mọ́ínmọ́ín díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ibà tí mo sọ fún yín lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, irọ́ ni mo pa. Ọsibítù la wà láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má bínú pé mi ò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Fóònù yín yẹn, bí ẹ bá ti gbé e, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ohun tí ẹni tó pè ń sọ, Ìyá wa kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà yín lánàá, tí mo sì pa á kó tó dún. Ni mo bá gba ìwé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan. Ọ̀gbẹ́ni Ọláolúwa tó wà nínú ìjọ wa ń bọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lọ́la, òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn. Orí bẹ́ǹṣì ìta wọ́ọ̀dù ni mo jókòó sí, mo sì ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ débí yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí ọwọ́ mi ti wọ́, ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Nígbà tí Títí dé sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún láti máa lọ sí yunifásítì, awọ ara rẹ̀ ṣì dúdú minimini bíi tiyín. Ó di bí oṣù Kẹta, mo rí i pé ojú rẹ̀ ń mọ́ sí i. Kì í ṣe èmi nìkan ló rí i. Bó bá wá ràn mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Oba Market lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á máa pariwo pé, "See as your pikin dey fresh! Which cream she dey rub?" Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní oúnjẹ mi ló ń jẹ tó ń dán. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kírímù tí wọ́n ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń bóra káàkiri báyìí. Ọ̀kan wà ládùúgbò wa tí ojú rẹ̀ pupa, tí gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí èédú. Mo bá ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi fà lé mi lọ́wọ́, kò ní í bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ní Ọjọ́rú kan tó lọ sí kíláàsì, mo wọ yàrá rẹ̀, mo da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò rí kírímù kankan níbẹ̀. Òrí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i ni mo rí, àti oògùn ara ríro, àti páàdì. Ẹ̀gbọ́n mi, páàdì tí mo rí nínú báàgì yẹn pọ̀ bíi tẹni tó fẹ́ máa tà á. Ojú mi rí i, ọkàn mi ò rí i. Kírímù ni mo ń wá. Nígbà tí mi ò rí i, mo ní ó gbọ́n, ó ti kó o pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe wọlé ni mo pè é. Mo ní, "Títí, kí lò ń fi para?"

Ó ní, "Òrí ni, Àǹtí."

"Òrí ló ń sọ ọ́ di òyìnbó? Irọ́ lò ń pa fún mi nínú ilé mi?"

Kò jiyàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ní, "Àǹtí, ó rẹ̀ mí ni." Mo ní kí ló rẹ̀ ẹ́, ṣé oko ló ti ń bọ̀ ni. Mo ní fóònù tó ń tẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́. Mo rántí bó ṣe wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí bí mo bá fi èyí pamọ́, ẹlòmíràn á sọ ọ́ fún yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi gbà á nímọ̀ràn, mo rò pé wọ́n á pè é sí kọ̀rọ̀ ni. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin, níṣojú gbogbo wa, wọ́n ní kí Títíloyè dìde. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin tí àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un kò tẹ́ lọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín. Títí fara ti àga iwájú rẹ̀, kò dúró ṣánṣán, mo sì ń wò ó, mo ń sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí mà ti ya aláfojúdi o. Àṣé òyì ló ń kọ́ ọ. Àṣé bí kò bá di àga yẹn mú, á ṣubú ni.

Mo tún dìde rìn lọ rìn bọ̀ kí n tó lè kọ èyí tó kàn.

Ó ti sọ fún mi rí. Nínú oṣù Kejì, a ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná, ó ní, "Àǹtí, nǹkan oṣù mi ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí, ó sì ń dà gan-an." Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa nílé wa, pé ẹ̀yin gan-an kì í lè lọ sí súkúùlù bó bá dé nígbà tí ẹ wà lọ́mọge, kò sì pa yín. Ẹ̀wà la ń ṣa lọ. Kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́. Ó tún wá ń jẹ yìnyín. Bí mo bá ṣe omi sínú fìríìjì kó dì, Títí á ti fọ́ ọ, á máa rún un lẹ́nu kùrùkùrù láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ń bá a jà pé ariwo rẹ̀ ń dí mi létí. Dókítà ló wá sọ fún mi pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé àwọn mìíràn ń jẹ amọ̀, àwọn mìíràn ń jẹ ìrẹsì tí wọn ò tíì sè.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá yìí, a lọ sọ́jà pọ̀. Oníbàárà mi kan dé, ará Bìní ni, Mama Efosa là ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Ikpoba Hill ni ilé wọn wà. Wọ́n fẹ́ léèsì kan tó wà lókè pátápátá. Mo ní kí Títí gun àga gbé e wálẹ̀. Ó gbé e, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó lórí àpótí, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré láti Ugbowo wá. Mama Efosa ò wo léèsì mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀. Wọ́n ní kó yọ ahọ́n. Wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, wọ́n gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Madam, this pikin no get blood."

Mo ní ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Pé màá fún un ní mọ́ọ̀tì àti mílíìkì, màá sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé, nítorí ọjà Àbámẹ́ta ni.

Wọ́n ju léèsì náà sórí tábìlì. "Monday? See as she dey breathe. Carry am go now. Lock your shop."

Ohùn wọn ló lé mi. Mi ò tilẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló bá mi tì í. Mama Efosa fúnra wọn ló dá takisí dúró ní Ring Road, wọ́n jókòó síwájú, èmi àti Títí wà lẹ́yìn. Ó fi orí lé mi láyà. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn ọmọ yẹn ń lù kìkìkì, mo ń gbọ́ ọ lára láti inú aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ jíjókòó ló jókòó. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó wà lórí itan mi. Àwọn ìlà ọwọ́ rẹ̀ gan-an ti funfun. Èékánná rẹ̀ rí bíi pépà. Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń wo ojú rẹ̀, mi ò yí ọwọ́ rẹ̀ wò rí.

Dókítà Ọlágúnjú ló gbà wá, obìnrin ni, kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n jáde díẹ̀. Nígbà tó pè mí padà, ojú Títí kún fún omijé. Dókítà bi mí pé láti ìgbà wo ni ara ọmọ yìí ti ń funfun. Mo ní bí oṣù méjì. Ó ní kí la ṣe sí i? Mi ò rí irọ́ pa. Mo ní, "Dókítà, mo rò pé ó ń bóra ni." Mo retí kó fi mí bú. Kò bú mi. Ó fà mí súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìpéǹpéjú Títí wálẹ̀, ó ní kí n wò ó, ibẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ní kí n wo tèmi nínú dígí tó wà lára ògiri, tèmi pupa. Ó ní kírímù kì í dé inú ìpéǹpéjú, kì í dé orí ahọ́n, kì í dé èrìgì. Ó ní lára àwa adúláwọ̀, ojú lè tan èèyàn jẹ, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí a máa wò, àti àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ obìnrin bíi tirẹ̀ yẹ kó tó mẹ́rìndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún, ti Títí jẹ́ mẹ́rìnlá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún nọ́ńbà yẹn sọ.

Mo ní kí wọ́n fa tèmi fún un. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ó ti lọ sókè jù, pé wọn ò lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyẹn dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Bàbá Ṣùbòmí ló wá láti ibi iṣẹ́ wá fún un ní àpò ẹ̀jẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ Títí, Pẹ̀lúmi, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ló fún un ní èkejì lọ́jọ́ Àìkú. Pẹ̀lúmi yìí ló sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Títí ti dákú ní iléèwé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí. Ó ní Títí ló bẹ òun. Ó ní, "Mà, ó ní ẹ ti sọ pé irọ́ lòun ń pa."

Wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀. Kókó kan ló hù sínú ilé ọmọ rẹ̀, fáíbírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jẹ́ kí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ya bí omi. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì sọ pé kò ní bímọ. Àyẹ̀wò àárọ̀ yìí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di mẹ́tàlélógún. Wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń dín ìsun ẹ̀jẹ̀ kù àti oògùn tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ jókòó sọ ohun tó kàn, bóyá iṣẹ́ abẹ ni, bóyá wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn ṣọ́ ọ. Ọmọ ogún ọdún ni, òun fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i, àmọ́ ó ní òun ò fọwọ́ sí nǹkan kan láìrí yín. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí Ọjọ́bọ̀ má kọjá kí ẹ tó dé. Ẹ sọ fún Bàbá Títí bó bá ṣe yẹ, ẹ má kà á sí etígbọ̀ọ́ Ìyá wa.

Mo bi Dókítà pé ìgbà wo ló yẹ kí n ti gbé e wá. Ó ní ìbéèrè yẹn ò ní jẹ́ kí n sùn, pé kí n bèèrè ohun tí màá ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ó ní ẹni tó bá ń funfun díẹ̀díẹ̀, tó ń tètè rẹ̀ ẹ́, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tàbí tí páàdì rẹ̀ ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kó má jókòó máa fi ewé àti mọ́ọ̀tì tọ́jú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣàdédé funfun lójijì, bí mímí bá nira, bí ọkàn bá ń sáré láìṣe nǹkan kan, bí àyà bá ń dunni, bí èèyàn bá dákú, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tàbí tí a bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tó jẹ́ aláboyún tàbí ọmọ kékeré, ọjọ́ náà gan-an ni ọsibítù, wákàtí yẹn ni. Ó tún ní kí ẹ̀yin ìyá rẹ̀ náà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nígbà tí mo sọ fún un bí nǹkan oṣù yín ṣe máa ń dà.

Nọ́ọ̀sì pè mí. Mo ti padà dé. Ó kàn fẹ́ kí n lọ ra omi fún Títí ni, àmọ́ eré ni mo sá débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe orúkọ mi, mo ti dìde.

Lánàá, mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní, "Títí, mo ṣẹ̀ ọ́. Nílé, mo ṣẹ̀ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣẹ̀ ọ́."

Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá."

Mo ní kí wọ́n máa wò. Mo ní ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, màá dìde ní ìpàdé àwọn obìnrin, màá sọ òótọ́ níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá Ìjọ ti wá kí i láàárọ̀ yẹn, wọ́n sunkún, àmọ́ èmi ló yẹ kó sọ ọ́, nítorí èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Títí wá ní, "Mo gbọ́, Àǹtí. Mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá mi sílẹ̀, mo fẹ́ lọ máa gbé pẹ̀lú Pẹ̀lúmi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì."

Mo ní ṣé nítorí mi ni. Kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Bí nǹkan bá ń ṣe mí, mo fẹ́ wà níbi tí mo ti lè sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì rí ẹni fi ọ̀rọ̀ gún mi báyìí rí, bẹ́ẹ̀ ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ ó dé, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ bá a wí pé kò gbọdọ̀ fi ilé Àǹtí rẹ̀ sílẹ̀, kí ojú má baà tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún Bàbá Ṣùbòmí kí wọ́n bá a gbé àwọn ẹrù rẹ̀ lọ bí ara rẹ̀ bá ti le. Bó bá sọ pé ibẹ̀ ni òun ń lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kó ṣáà wà láyé, kó máa bínú sí mi ní ibi tó bá wù ú.

Bàbá Ṣùbòmí kí yín, Mama Efosa náà kí yín bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ yín, wọ́n ń bọ̀ níbí lójoojúmọ́. Ẹ bá mi kí Bàbá Títí. Mò ń retí yín ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Àbúrò yín tí kò lè jókòó sójú kan,

Gbéminíyì Adéwùnmí